Àtẹ̀gùn Méjìlélọ́gọ́jọ

Àìsàn ọkàn kan náà ló ń ṣe wọ́n,
Eulogio àti Anselmo,
ibùsùn kẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé
tí a ti ń wo ọkọ̀ òkun ní èbúté Valparaíso.
Oògùn kan náà ni mo kà sí wọn lọ́wọ́,
pupa kan láàárọ̀, funfun mẹ́ta lálẹ́.
Ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ sílé.

Oṣù kẹta, Anselmo gbé àpò ọsàn wá fún wa,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wa ọkọ̀.
Eulogio padà dé lóru,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.
Dókítà ní, “Kò lo oògùn.”
Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́ sílẹ̀.

A wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a wọn ṣúgà, a wọn ìtọ̀.
Ta ló ka àtẹ̀gùn?

Lọ́jọ́ Sátidé tí n kò lọ síbi iṣẹ́, mo gun òkè náà.
Ọkọ̀ orí irin tó ń fa èèyàn lọ sókè ti dákẹ́ láti ọdún méjì,
àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dógùn-ún.
Mo ń kà á. Ní ogójì, mo mí kanlẹ̀.
Ní ọgọ́rùn-ún, mo jókòó, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
tí ọkàn rẹ̀ le koko.
Méjìlélọ́gọ́jọ kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Súwẹ́tà Rosalba ṣì wà lẹ́yìn àga,
ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú.
Agolo ẹja oníyọ̀ tò sórí tábìlì,
nítorí ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, agolo a sì máa dúró deni.
“Pupa yẹn,” ó ní, “ìtọ̀ ló ń lé jáde.
Ilé ìtọ̀ wà nísàlẹ̀, nínú àgbàlá. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.”
Ó dákẹ́. Ó fọwọ́ kan apá súwẹ́tà.
“Àbí ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ yè fún?”

Ààrò mẹ́ta ní í gbé ìkòkò dúró;
ọ̀kan là ń tún ṣe,
a sì ń bi ọbẹ̀ pé kí ló dé tó fi dànù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mo ṣí ìwé rẹ̀.
Kò sí àyè àtẹ̀gùn níbẹ̀, kò sí ti opó ọkùnrin.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru:
162.
Dókítà wò ó títí. “Kí lèyí?”
Mo ní, “Ẹ wá bàtà tó rọ̀,
ó di Sátidé.”