Bàtà Ẹnu Géètì

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́tà pupa gàdàgbà:
A KÌ Í WỌ SÍLÍPÁÀSÌ WỌ ILÉ ÌJỌBA.
Ilé wo nínú ilé? Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà,
fáànù kan ń mi orí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé rárá,
bẹ́ńṣì kan wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán,
búlọ́ọ̀kù ló fi dúró.

Mo gun márúwà láti Ìtòkò wá sí Aké, aago méje ò tíì lù.
Ìwé ìbílẹ̀ Ṣẹ́yẹ ni mo wá gbà,
ilé-ìwé ní kó mú un wá kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀.
"Ìyá, ẹ dúró níbẹ̀," ni Àjàó wí, ọlọ́dẹ ẹnu géètì.
Kò wo ojú mi, ẹsẹ̀ mi ló ń wò,
bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló fẹ́ gbàwé.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi wú, bàtà kan ò gbà á mọ́.
Ó ní òfin ni.
Mo ní, ta ló ṣe é?
Ó ní òfin ni.
Ká ní mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta,
bóyá ìbéèrè náà ì bá di èèwọ̀.

Lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí géètì
ọmọkùnrin kan jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì,
Ráṣákì, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.
Bàtà ló fi ń ṣe háyà: dúdú, olókùn, ti ọkùnrin gìrìwò.
Igba náírà ni wíwọlé, bó o bá pẹ́ wàá fi àádọ́ta kún un.
"Ẹ fara balẹ̀, ìyá, ẹnìkan ṣì wà nínú rẹ̀."
Ni a bá tò. Mẹ́fà ni wá.
A tò sí bàtà kí a tó tò sí ìwé.

Nígbà tó kàn mí, òógùn bàbá tó bọ́ ọ ṣì gbóná níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi tó ní òun wú
wọ inú rẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń wọ odò Ògùn.
Mo ń wọ́ ọ gbàlà-gbàlà kọjá lójú Àjàó,
"Ẹ káàbọ̀ mà," bí ẹni pé a ò rí ara wa rí.
Ó mọ bàtà yẹn.
Láàárọ̀ yìí nìkan, ó ti kí i lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Nínú lọ́hùn-ún, Ìyáàfin Ṣóbándé ní bíró mi dúdú,
búlúù ni wọ́n ń fẹ́.
Mo ra búlúù lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní ọmọ yìí rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín.
Ó ní ìjọba kì í fẹ́ eyín.
Mo kọ orúkọ baba baba rẹ̀, mo kọ agboolé,
ó ní ìkọ̀wé mi ti gun orí ìlà.

Bíró bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì,
mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un.
Ẹ gbà mí!
Sílípáàsì rọ́bà ni mo rí, okùn ọ̀tún ti já,
ìṣó ni wọ́n fi há a.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ju tèmi lọ.

Mo dìde. Mo wò ó, ó wò mí.
Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, mo gbé e mì bí òògùn ibà.
Orí ẹni kì í wà lábẹ́ abẹ, ká máa bú onígbàjámọ̀:
òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kan ìwé.
Ó rọra fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.
Gbà! Ó tẹ̀ ẹ́, teyínteyín Ṣẹ́yẹ.

Ráṣákì ti nawọ́ kí n tó tú okùn.
Ó gba àádọ́ta, ó ní mo pẹ́.
Ọ̀dọ́mọbìnrin tó kàn, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù,
kò lè bẹ̀rẹ̀ débi okùn,
mo kúnlẹ̀, mo bá a so ó.
Mo ní, "Bíró búlúù ni kẹ́ ẹ mú o."
Ti abẹ́ tábìlì, n ò sọ.
Oyún yẹn ò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ wò ó.