Gbèsè Sóyà

Baba mi ṣe òṣómàáló dé Ìdànrè, dé Ṣakí,
ó ń kó aṣọ fún ayé láwìn,
orúkọ ajigbèsè kan kì í sì í bọ́ lórí rẹ̀.
Tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, òṣó ni yóò ló,
kò ní jókòó, kò ní mu omi,
bí o bá gbé àga fún un, o gbé e fún ara rẹ.
Èmi ọmọ rẹ̀ ni Fọ́láyan wá lóṣòó tì
ní Ìsọ̀kùn, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí oòrùn tó yọ,
nítorí àpò sóyà mẹ́rin.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo rí orúnkún rẹ̀ méjèèjì.
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Àgùntàn mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn ilé,
abo mẹ́ta lóyún, àgbò kan ń jẹun bí ẹni tó ti ogun dé.
Owó tó ra odidi àpò lésìí,
kóńgò mẹ́fà péré ló ń rà báyìí lọ́jà Àtàkúnmọ́sà.
Èèpo ẹ̀gẹ́ wà, mo ń sá a lórí páànù,
ṣùgbọ́n ikùn ni èèpo ẹ̀gẹ́ ń kún, kì í kún iṣan:
ẹran jẹ, ó yó,
egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà láti ìloro.

Fẹ̀hìntọlá kò wí nǹkan kan. Ó mú àdá,
ó gba ọ̀nà Ìbòdì lọ sí oko ìyá rẹ̀ tó ti di igbó,
níbi tí òtìlí ti hù yí ààlà ká
tí ẹnikẹ́ni kò kí i mọ́.
Òtìlí! Èyí tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí:
oúnjẹ tí a gbé kaná láàárọ̀,
tí igi tán, tí àlejò lọ, tí kò jinná.
Ìyá rẹ̀ a ní, “Ebi níí kọ́ni bí a ti ń dúró.”

Ó dé tòun ti ẹrù ewé, pódi rẹ̀ ṣì tutù.
Àgbò gbóòórùn, ó dákẹ́.
Ó já ewé kan. Ó wò mí lójú.
Lẹ́yìn náà, ìró eyín nìkan la ń gbọ́,
bí òjò tó ń rọ̀ sórí koóko gbígbẹ.

Àgúnmániyè ọgbà ló tẹ̀ lé e.
Ìyẹn lágídí: ní tútù, wọ́n fi imú kọ̀ ọ́.
A sá a sóòrùn láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ó rọ̀,
wọ́n wá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n ń fún lágbo.

Jùmáárè yà wá, igbá lórí,
ó ní màlúù òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi ọmú rẹ̀ ń fà
láti ìgbà tí koríko etí odò ti gbẹ.
Ìdì méjì ni Fẹ̀hìntọlá gbé fún un, kò gbowó.
Lọ́sẹ̀ kejì, wàrà dé, ó ṣì ń rùn ewé bòmubòmu.
N kò ní òtìlí ló ṣe é. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.
Ṣùgbọ́n nígbà tí Jùmáárè tún máa wá,
okùn ìdì tirẹ̀ ló mú dání.

Mo ta àgbò nígbà Iléyá, mo san àpò mẹ́ta.
Nítorí ẹ̀kẹrin, Fọ́láyan tún dé, ó tún lóṣòó.
Mo gbé òtìlí síwájú rẹ̀, ó jinná, ó lépo, ó lálùbọ́sà.
Ó jẹ ẹ́ lórí òṣó.
Ó lámọ̀, ó ní ṣé irúgbìn rẹ̀ ṣẹ́ kù?
Mo ní, “Owó dà?”

Àkọ́rọ̀ òjò ti dé. Mo wà láàrin ebè ní Ìbòdì,
hóró méjì-méjì nínú ihò kan, orúnkún mi ń ké.
Baba, wò mí: òṣó ni mo ló.
Ilẹ̀ ló jẹ mí lówó.
N kò ní dìde.