Fún Ọmọ Awọnlẹ̀ Tó Wá sí Ìdí-Àfọ̀n

Jókòó ná, akọ̀wé. Ilẹ̀ kì í sá.
Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí o gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná mi,
jẹ́ kó sinmi; adìyẹ mi ti bà lé e.
O ní kí n dárúkọ ohun tó wà ní Ìdí-Àfọ̀n,
bẹ́ẹ̀ o ti kọ tìrẹ tán kó o tó bi mí:
ilé mọ́kànlélógún, mọ́ṣáláṣí kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, kànga kan.
O ò purọ́.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ka eyín ẹni
kò tíì gbọ́ ẹ̀rín ẹni.

Àfọ̀n ọ̀hún gan-an, má wá a.
Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin lórí ilẹ̀ yìí, n ò bá a.
Ìyá tó bí ìyá mi ní òun náà kò bá a.
Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni Kúkọ̀yí apẹja gúnlẹ̀ sí
lọ́jọ́ tí ìjì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀sà,
pé èso rẹ̀ kan já, ó lu ìdí ọkọ̀ já,
ni Kúkọ̀yí ò ṣe lè padà sí Ẹ̀pẹ́ mọ́.
Ìlú mìíràn ní adé, ní ogun, ní akọni.
Tiwa ni èso kan, àti ọkọ̀ tó ń jò.

Wò ó, lápá ibi tí gbéborùn ti bo omi mọ́lẹ̀,
òpó mẹ́rin dúró bí àgbàlagbà tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.
Èbúté wa nìyẹn.
Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ á kún fún ìgèrè àti ẹja yíyan,
Búsárì atukọ̀ á máa bú gbogbo wa, ọmọdé àtàgbà.
Ọdún tí títì dé ni ọkọ̀ ìkẹyìn lọ.
Búsárì dúró lórí pákó títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó ń fi fìlà juwọ́ sí omi òfìfo.
Òpó ọ̀tún ní ojú ọ̀bẹ mẹ́ta lára:
ibi tí orí mi dé ni, lọ́dún keje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án.
Bàbá mi ló fá a.
Má wá tọdún kẹwàá.
Ó ti bá omi lọ kí n tó pé e.

Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri kan ló là wọ́n láàárín.
Kì í ṣe ìfẹ́ ló fà á. Simẹ́ńtì ló wọ́n.
Àlùfáà Jínádù àti Kátíkíìsì Dáníẹ́lì
bú ara wọn fún odidi oṣù kan,
wọ́n wá mọ ògiri kan ṣoṣo, oníkálukú kun ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.
Bí wọ́n bá ń kírun, agogo á dákẹ́ dè wọ́n.
Bí agogo bá gbàgbé,
a ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì tún ti jà.

Kànga: o kọ ọ́ pé ó gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́.
Ọdún tí ilẹ̀gbóná kó wa ni wọ́n gbẹ́ ẹ,
nígbà tí àwọn ará òkè lé wa nídìí omi wọn.
Obìnrin ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin sá sí oko.
Na ọwọ́ sí etí rẹ̀ níhìn-ín, nínú amọ̀:
àtẹ́lẹwọ́ Sábítíyù nìyẹn, ìka mẹ́rin.
Ọ̀kàrún, má bi mí. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni.

Ìlà pupa tí o fà yẹn, ibo ló ń gbà?

Ó dára. Mo rí i pé o ti pa ìwé dé.
Ilé mọ́kànlélógún lo kà, akọ̀wé,
o ò bi ẹnì kan ní orúkọ.
Máa lọ o, kí oòrùn má mú ọ lọ́nà.
Ṣáà bá mi lé adìyẹ yẹn kúrò lórí irin rẹ,
kó má baà yé sí i.