Àkùkọ Kan, Ẹní Ààbọ̀

Odúnlámì méjì ló sùn sí wọ́ọ̀dù wa ní Kétu lóru ọjọ́ náà,
ọ̀kan láti Ìdígní, ọ̀kan láti Ìlárá.
Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ọ̀kan wá,
àtọ̀gbẹ ń jẹ èkejì lẹ́sẹ̀.
Iná ti lọ. Mo ki tọ́ọ̀ṣì bọ abíyá,
mo gbé àwo oògùn, mo pe orúkọ:
"Odúnlámì!"
Ẹni tí oògùn kì í ṣe tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn.
Ó ti la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ.

Mo ti na ọwọ́.
Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe ọgbọ́n.
Ohùn Ìyá Ìdòwú ni, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́,
tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́,
tó máa ń fi rúlà gbá tábìlì:
"Ẹni tí oorun ń kùn máa ń jẹ́ ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀.
Bi í: ta ni bàbá rẹ? Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?
Wo ọrùn ọwọ́. Wo ìwé. Wo ìgò.
Lẹ́yìn náà, tún ojú ara rẹ wò."

Mo bi í. Bàbá náà rẹ́rìn-ín:
"Ọdún tí eṣú jẹ gbogbo àgbàdo Ìdígní."
Mo wo ìwé. Ìwé kò mọ eṣú.
Orúkọ bàbá ló yà wọ́n sọ́tọ̀.
Mo dá oògùn padà sínú àwo.
Oògùn àtọ̀gbẹ nínú ikùn ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí kò tíì jẹun
(ẹ má jẹ́ kí n parí gbólóhùn yẹn).

Kò sí ẹni tó sunkún. Àkùkọ kọ.
Bí iṣẹ́ wa bá dára, kì í ní ìtàn.
Síbẹ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, mo fọwọ́ sí i:
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà níbí,
kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí ihò wà.

Ilẹ̀ mọ́. Ará Ìlárá ń lọ sílé.
Rúfínà ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti gbé báàgì kọ́ èjìká.
Bàbá kò kàwé. Mo ya oòrùn sára páálí kan,
mo ya òṣùpá sára èkejì.
"Oòrùn: ẹyọ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ àárọ̀.
Òṣùpá: ààbọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ tó sùn.
Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn bò yín, ẹ lá oyin kíá."
Ó ń mi orí. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Mo mọ orí mímì yẹn.
Ìyá tèmi mì í fún dókítà fún ọdún méje,
títí a fi bá oògùn rẹ̀ lábẹ́ ẹní,
gbogbo rẹ̀ pé, ó ti di ẹfun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi.
Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń dán wò.
Ara mi ni mò ń dán wò, bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣàlàyé."
Ó yẹ páálí wò, ó yí i po.
"Bí òjò bá ṣú ńkọ́, tí oòrùn ò yọ?
Ṣé kí n má lò ó lọ́jọ́ yẹn?"

Rúfínà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.
Mo fa ìlà nu oòrùn nù, mo ya àkùkọ.
Òṣùpá náà kì í yọ lójoojúmọ́:
mo ya ẹní.

"Bí ara bá ti yá ńkọ́?"
"Oògùn ló ń jẹ́ kó yá. Ẹ má dá a dúró."
"Ìyàwó àbúrò mi náà ní ṣúgà..."
"Tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Kó wá."
"Èyí tí wọ́n ń fi agbọ̀n kiri, tó dínwó?"
"Oòrùn ti sè é bí ẹ̀wà, Bàbá."

Ó gun alùpùpù sẹ́yìn Rúfínà.
Eruku pupa gbé wọn mì lójú ọ̀nà Ìlárá,
mo ṣì ń gbọ́ ọ tó ń pariwo:
"Àkùkọ kan! Ẹní ààbọ̀!"
Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó bi mí
iye tí bàbá yẹn ń ta ẹní.