Okùn Ojú Pópó

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ Chile ti ń tán sínú omi,
afẹ́fẹ́ kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Tó bá di oṣù kọkànlá, wọn a ta okùn sójú pópó,
láti òpó dé òpó,
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú,
kí ọmọdé má baà fò lọ bí ìwé.
N kò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ẹni tó di okùn mú ní ọ̀lẹ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi di okùn náà lọ sílé ẹ̀kọ́
kí n tó mọ̀ pé ọmọ kan wà ní kíláàsì mi
tí afẹ́fẹ́ ń jà nínú orí rẹ̀,
tí n kò ta okùn kankan fún.

Evaristo Oyarzo. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìjókòó kẹta lẹ́bàá fèrèsé.
Pẹ́ńsù rẹ̀ a bọ́, a dìde lọ mú un;
kó tó débẹ̀, á ti rí ẹyẹ òkun lórí òrùlé,
kó tó wo ẹyẹ tán, á ti rántí ajá àbúrò bàbá rẹ̀,
ajá náà á sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tòun ti gbígbó,
lásìkò tí mo ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀.
Pẹ́ńsù ṣì wà nílẹ̀.

Mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Aláìgbọràn.
Mo tún kọ ọ́: Ta ló bí ọmọ yìí?
Rárá, n kò kọ ìyẹn. Mo sọ ọ́. Lójú gbogbo kíláàsì.
Ó rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín,
etí rẹ̀ sì pọ́n bí alákàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.

Ìyá rẹ̀ wá, òórùn iléeṣẹ́ alákàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Mo ti nà án. Mo ti gba ṣúgà lẹ́nu ẹ̀.
Mo ti tan àbẹ́là fún Màríà.
Ìyáàfin Drina, kí ló kù?"

Dókítà Rayén kò kánjú.
Ó yẹ etí wò, ó yẹ ojú, ó bèèrè bó ṣe ń sùn.
Ó fún mi ní ìwé ìbéèrè, ó fún ìyá ní tiẹ̀.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tó sọ̀rọ̀:
"Kì í ṣe pé kò lè fiyè sí nǹkan.
Gbogbo nǹkan ló ń fiyè sí lẹ́ẹ̀kan náà.
Èyí tó yẹ kó jù sílẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ kò tètè mọ̀.
Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe èpè.
Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé."

Baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ń gbọn ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ránṣọ.
Ẹsẹ̀ náà dúró.
Ọkọ̀ apẹja mẹ́fà ló ti lé e dànù.
"Dókítà, ṣé ẹni tó ti pé ogójì ọdún
lè bèèrè fún ara rẹ̀?"

Oògùn dé, kò tó ẹ̀wà kan.
Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ń wo búrẹ́dì bí ẹni ń wo òkúta;
ìyá sunkún, dókítà dín in kù.
Èmi náà gba oògùn tèmi:
mo gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú, kì í ṣe sí kọ̀rọ̀,
mo gé ìṣirò mẹ́wàá sí mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin,
òun ló ń nu pátákó, kí ara tó ń yún un lè rí iṣẹ́ ṣe.
Mo bẹ̀ ẹ́. Lójú gbogbo kíláàsì, níbi tí mo ti bú u.

Ajá yẹn ṣì ń gbó nígbà míì.
Lánàá, pẹ́ńsù bọ́. Ó lọ mú un.
Ó dúró lójú fèrèsé; mo rí i, n kò sọ̀rọ̀.
Ẹyẹ wà níbẹ̀.
Ó juwọ́ sí ẹyẹ,
ó mú pẹ́ńsù, ó padà wá jókòó.