Iná Méjì Nínú Kẹ̀kẹ́ Kan

Dókítà ti kìlọ̀ fún wa ní Ṣágámù kí wọ́n tó dá bàbá mi sílẹ̀:
ẹ má fi fóònù sápò àyà,
ẹ má dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà báǹkì tó máa ń dún.
Kò sọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ oníbátìrì.
Bóyá kò tíì wọ̀ ọ́ rí.

Ní Sábó la ti rí Ṣówẹ̀mímọ́.
Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wúkọ́, kò tu èéfín,
ó kàn ń kùn bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
"Ìpẹru, ó ku ẹni méjì!" A wọlé.
Bàbá mi fi ọwọ́ tẹ àga wò,
ọwọ́ rìwáyà, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí ọkọ̀ obì tó ń lọ Kánò.
Ó ní, "Ọmọ yìí, níbo ni bátìrì wà?"
"Abẹ́ yín ni, Bàbá."

Ó dákẹ́.
Lábẹ́ èjìká òsì rẹ̀, láàárín awọ àti ẹran,
ẹ̀rọ kan tí kò ju awẹ́ gbànjà lọ
ń rán ọkàn rẹ̀ létí iṣẹ́ rẹ̀.
"Iná tó wà nísàlẹ̀," ó ní, "ṣé ó mọ̀ pé òmíràn wà lókè?
Ṣé wọn ò ní í pe ara wọn lórúkọ?"

Ṣówẹ̀mímọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
"Èmi náà ti bèèrè.
Láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń jókòó lé e,
bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin tí kò mọ ẹni tó yé e.
Ìyàwó mi ń bèèrè ọmọ, ìyá rẹ̀ ń bèèrè bátìrì.
Ni Tíṣà Ọnàdípẹ̀ bá gbé mítà kékeré kan wá lọ́jọ́ Àìkú.
Mo ṣíná, nọ́mbà fò sókè.
Mo tẹ búrékì, ó tún fò.
A dúró, ó sùn.
Ní ẹ̀yìn, níbi tí ẹ wà yẹn, ó kéré. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi ló ti ga jù.
Mo ní, Tíṣà, ṣé ó ń pani?
Ó ní iye tí wọ́n ní kó má kọjá, kò tíì dé ìdajì ìdajì rẹ̀.
Mo ní, kò ń pani nìyẹn?
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.
Ó nù ún pẹ́.
Ó ní kò tíì sí ẹni tó jókòó lé e fún ogójì ọdún."

A kọjá lábẹ́ wáyà ńlá tó dábùú oko.
Ìrì ti mú un, ó ń kọrin ṣíṣíṣí.
Àwọn kan ti kọ́ ilé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sá aṣọ ọmọ.
Ìka méjì bàbá mi wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń kà.
Mo ń wo ètè rẹ̀ kí n lè mọ iye tó kà dé.

Lójijì ó ní, "Mo ti fi ẹnu fa bẹntiróò.
Mo ti fi ahọ́n tọ́ orí bátìrì wò.
Mo ti yọ́ òjé nínú agolo mílíìkì, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé.
Kò sí ẹni tó gbé mítà wá."
Ó wúkọ́. Ikọ́ náà kò yára tán.

Ní Ìpẹru, mo sanwó. Bàbá kò lọ.
Ó tẹ̀ ba, ó ń yọjú wo abẹ́ àga.
Mo fà á lẹ́wù sẹ́yìn.
Ó fi apá méjì jìnnà, ọwọ́ òsì lórí àyà,
ó na ọ̀tún bí ọ̀gá tó ń kọ́ọ̀yàn níṣẹ́:
"Wáyà pupa yẹn ti bó. Lọ wá tẹ́ẹ̀pù.
Èyí tí a kò mọ̀, a ó máa bèèrè.
Èyí ni yóò kọ́kọ́ pa ọ́."