Omi Tí Kì Í Mú Ọwọ́ Tutù

Ní Oldham, òjò kì í dágbére.
Aago méje àárọ̀, mo ti ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì,
mo ti bọ́ ẹ̀wù òjò, mo ti wọ ẹ̀wù funfun,
kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi,
èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw fi okùn bàtà so mọ́dìí
fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
tí kò yá ẹnikẹ́ni.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà ń rùn bí àpótí ẹni tó ti lọ.
Ìgò ń bẹ níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti ṣá lára bébà,
ìgò ń bẹ níbẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ti di ara ìgò.
Dàíkúróméètì wà, ó pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ,
ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fẹ́ tọ́ ọ wò.
Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní kọ̀rọ̀,
ìgò kékeré kan tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ.
Mo gbé e. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó ka orúkọ rẹ̀.

Ní Ìkìrun, Tíṣà Oyèbísí dà á sí wa látẹ́lẹwọ́
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín súgà.
"Omi tí kì í mú ọwọ́ tutù," ó wí.
Mẹ́kúrì ń sá kiri lọ́wọ́ wa,
fàdákà tí kò gbà kí a di òun mú.
Ti Múdàṣírù bọ́, ó fọ́ sí ọgọ́rùn-ún ojú,
ó wọ inú sáńkó sìmẹ́ńtì lọ.
A fi ìgbálẹ̀ gbá a. A ò wọ bàtà.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ohun tí kì í mú ọwọ́ tutù
lè mú ọwọ́ gbọ̀n.

Ọwọ́ Tíṣà Oyèbísí gbọ̀n níkẹyìn.
A ní ọtí ni.
Ó sì lè jẹ́ ọtí.

Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw yà wá láago mẹ́jọ.
Ó ti fẹ̀yìn tì, ó kàn wá wò mí ni.
"Gbogbo rẹ̀ lẹ máa kó lọ?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Ó ní ṣé mo rí òkè oníná dàíkúróméètì rí,
bó ṣe ń pọ eérú aláwọ̀ ewé
tí kíláàsì á pa lọ́lọ́.
Mo rí i rí. Mi ò ní parọ́, ó dára.
Ohun tó ń pani kì í sábà burẹ́wà.
Mo fún un ní tíì.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀pù náà mú,
tíì náà sì ń jó létí kọ́ọ̀pù.
Àwa méjèèjì wò ó.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tí ń kó ẹrù olóró dé láago mẹ́wàá.
Mo fọwọ́ sí bébà mẹ́rin.
Dírẹ́bà gbé ìgò sínú ike, ike sínú garawa,
garawa sínú iyanrìn, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Lọ́sàn-án, kíláàsì keje.
Mo ti se kábéèjì pupa tí mo rà ní ọjà Tommyfield,
omi rẹ̀ dúdú bí aró.
Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó pọ́n.
Wọ́n bu sódà sí i, ó di aláwọ̀ ewé.
Finlay Grimshaw ní, "Míìsì, kò ní bú gbàmù ni?"
Mo ní rárá.
Ó ní "Áà," ó wo fèrèsé.
Ṣùgbọ́n Tahmina ti ki ìka bọ̀ ọ́, ó ti lá a!
Àyà mi já. Kí n tó pariwo ni mo rántí,
kábéèjì ni.
Mo bá a wí síbẹ̀, òfin ṣì ni òfin.
Ó yọ ahọ́n aláró síta,
ó ní, "Míìsì, kò níyọ̀."

Nírọ̀lẹ́ mo nu kọ́bọ́ọ̀dù náà.
Ojú ibi tí ìgò kékeré jókòó sí ṣì rí roboto lára pákó,
mo fi kànìnkànìn bó o títí, kò lọ.
Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tutù.
Mo nà án síwájú fèrèsé, níbi ìmọ́lẹ̀ tó kù,
mo sì dúró, mò ń wò ó.